Àlọ-àbọ̀ ọjọ́ kan láti Guangzhou sí Shenzhen: bí ẹ ṣe máa ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin asárétete

Ẹni tó ń ta fóònù ní Queen Cinema tàbí tó ń ta iná sólà ní Ògùnpa, tó bá dé Guangzhou ní Ṣáínà, kì í pẹ́ kó tó gbọ́ orúkọ Huaqiangbei. Ìlú Shenzhen ni ọjà ẹ̀rọ yẹn wà, kò sì sí ìdí tí èèyàn fi gbọ́dọ̀ gba òtẹ́ẹ̀lì síbẹ̀. Láti ibùdókọ̀ Guangzhou Nan, ọkọ̀ ojú irin asárétete á gbé yín dé Shenzhen Bei ní nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ọ̀nà náà ò ju bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ. Ti Mọ́níyà sí Èkó tí gbogbo wa mọ̀ jẹ́ kìlómítà 157, ó sì ń gbà ju wákàtí méjì lọ. Ẹ lè jẹun àárọ̀ ní àdúgbò Sanyuanli ní Guangzhou, kí ẹ lọ ra ọjà, kí ẹ sì padà wá sùn níbi tí ẹ ti jí.

Owó tíkẹ́ẹ̀tì kọ́ ló máa ń kó àwọn èèyàn wa sí wàhálà níbẹ̀, páàsípọ́ọ̀tù ni. Wọn kì í fún èèyàn ní bébà kankan: páàsípọ́ọ̀tù yín gan-an ni tíkẹ́ẹ̀tì yín. Ohun tí ẹ tẹ̀ sínú áàpù lọ́jọ́ tí ẹ ń rà á ni wọ́n máa fi wé ohun tó wà lọ́wọ́ yín lẹ́nu géètì. Bí lẹ́tà kan tàbí nọ́ńbà kan bá yàtọ̀, owó ti wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n géètì ò ní ṣí.

Iṣẹ́ tó yẹ kó parí n'Ìbàdàn

Áàpù tí iléeṣẹ́ rélùwéè Ṣáínà fúnra wọn ń lò ni Railway 12306. Wọ́n ní ìkànnì pẹ̀lú, 12306.cn, àwọn méjèèjì sì ní ojú ewé Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ni kí ẹ ti gbé e sórí fóònù, nítorí Google Play kì í ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì Ṣáínà. Gmail àti WhatsApp náà kì í ṣí. Ẹni tó bá dé Guangzhou kó tó forúkọ sílẹ̀, tó wá lo Gmail, kóòdù tí wọ́n fi ránṣẹ́ á wà nínú àpótí tí kò lè ṣí, àfi tó bá ní VPN (áàpù tó ń ṣí ohun tí wọ́n tì) tàbí tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì láìnì tó gbé láti ilé. Ẹ parí gbogbo rẹ̀ nílé, lórí íntánẹ́ẹ̀tì tiwa.

Bí ẹ bá ti ṣí àkáǹtì, wọ́n á ní kí ẹ fi ara yín hàn: fọ́tò ojú ewé páàsípọ́ọ̀tù tó ní àwòrán yín, àti fọ́tò ojú yín. Ẹ ya ti páàsípọ́ọ̀tù lójúmọmọ, lórí tábìlì, kí iná má tàn padà lára ọ̀rá tó bo ojú ewé náà. Nígbà míì ìdáhùn máa ń dé kíá, nígbà míì ó máa ń pẹ́, nítorí náà ẹ má dúró di ọjọ́ tó ṣáájú ìrìnàjò. Bí wọ́n bá kọ fọ́tò yín lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ fi í sílẹ̀. Wọ́n lè bá yín ṣe é ní wíńdò tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀ tí ẹ bá dé ọ̀hún, tí ẹ bá mú páàsípọ́ọ̀tù lọ́wọ́. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo èyí. Ẹni tó bá ní òun á gba owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ yín, jìbìtì ló fẹ́ lù.

Ẹ wá wo orúkọ dáadáa. Ẹ ṣí ojú ewé tí fọ́tò yín wà. Nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ máa rí ìlà méjì tó kún fún àmì <. Ìlà tòkè fi P bẹ̀rẹ̀, NGA wà nítòsí, lẹ́yìn NGA ni orúkọ ìdílé, lẹ́yìn náà àmì < méjì, kí orúkọ yòókù tó tẹ̀lé e. Bí wọ́n ṣe tò ó níbẹ̀ ni kí ẹ ṣe tò ó, pẹ̀lú àlàfo kan láàárín orúkọ kan sí èkejì, láìsí àmì ohùn, láìsí àmì ìsàlẹ̀. Adéṣínà di ADESINA. Bí orúkọ mẹ́ta bá wà níbẹ̀, ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ má fi ti àárín sílẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣe nínú fọ́ọ̀mù nílé. Alhaji, Pásítọ̀ àti Olóyè ò sí nínú páàsípọ́ọ̀tù, wọn ò gbọ́dọ̀ sí nínú àkáǹtì. Ìyàwó ilé tí páàsípọ́ọ̀tù rẹ̀ ṣì ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ọkọ, kódà bó jẹ́ òun ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí.

Ti nọ́ńbà rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́tà kan ló ń ṣíwájú nọ́ńbà páàsípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, nọ́ńbà mẹ́jọ ló tẹ̀lé e. Kò sí lẹ́tà O kankan lẹ́yìn lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn. Bí ẹ bá rí ohun tó rí róbótó, òdo ni. Ẹni tó bá ti gba páàsípọ́ọ̀tù tuntun lẹ́yìn tó ṣí àkáǹtì gbọ́dọ̀ yí nọ́ńbà náà padà, kó sì tún fi fọ́tò ránṣẹ́, kó tó ra ohunkóhun. Èyí tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí nígbà tí ẹ wọ Ṣáínà ni kí ẹ lò.

Aago tí wọ́n ń tà

Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n máa ń ṣí tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ṣáájú, ọjọ́ ìrìnàjò sì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá wá ọjọ́ tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ẹ ò rí nǹkan kan, kò tíì tà tán o, wọn ò tíì ṣí i ni.

Áàpù náà máa ń sùn. Aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n ń ṣí i, wọ́n á tì í ní aago kan òru, àkókò Ṣáínà. Ṣáínà fi wákàtí méje ṣáájú wa. Ẹ ṣírò rẹ̀: láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí aago mẹ́wàá alẹ́ n'Ìbàdàn, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ lè rà. Àkókò yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń ti ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ń délé, tí wọ́n ń jókòó ti fóònù. Ọjọ́ Tuesday burú díẹ̀ sí i, nítorí aago méjìlá òru tiwọn ni wọ́n ń tì í, ìyẹn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tiwa. Àárọ̀ ni kí ẹ ra tiyín, kí ọjà tó gbóná. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́ ni, ẹ rántí pé ọjọ́ kejì ti mọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ọjọ́ wọn ni kí ẹ máa kà, kì í ṣe tiwa.

Láti Guangzhou sí Shenzhen, ọkọ̀ pọ̀ láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Ọjọ́ lásán, ẹ lè ra tíkẹ́ẹ̀tì ní àná rẹ̀ tàbí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ohun tó ń yí i padà ni ìsinmi wọn: ọdún tuntun Ṣáínà, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kárùn-ún, àti ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá. Bí ọjọ́ yín bá bọ́ sínú èyíkéyìí nínú wọn, ẹ rà á lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i. Àsìkò Canton Fair (ìpàtẹ ọjà ńlá Guangzhou) náà ń fún, pàápàá ìrọ̀lẹ́ Friday. Oṣù Kẹrin àti oṣù Kẹwàá ni ọjà náà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Shenzhen wo?

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Shenzhen ní ju ibùdókọ̀ kan lọ, Guangzhou náà sì ní púpọ̀. Áàpù á kó gbogbo wọn síwájú yín bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Nínú orúkọ wọn, Nan ni gúúsù, Bei ni àríwá, Dong ni ìlà-oòrùn, Xi ni ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tó ra Guangzhou Dong tó wá lọ dúró ní Guangzhou Nan wà ní òdìkejì ìlú, ọkọ̀ rẹ̀ á sì ti lọ kó tó débẹ̀.

Ní Guangzhou, Guangzhou Nan ló bá ẹni tó wà ní Sanyuanli mu jù. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Line 2 ń gba Sanyuanli kọjá, ó sì ń lọ tààrà sí ibẹ̀ láìsí pé ẹ ń sọ̀ láti wọ òmíràn. Ẹni tó wà ní àdúgbò Xiaobei á wọ Line 5, á sọ̀ ní ibùdó kan péré sí i, ní Guangzhou Railway Station, á sì bọ́ sí Line 2. Ẹ ya wákàtí kan gbáko sọ́tọ̀ fún ìrìn abẹ́ ilẹ̀ yìí. Lára bọ́ọ̀dù, 广州南 ni ẹ máa rí. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù.

Ní Shenzhen, mẹ́ta ló kàn yín.

Futian, 福田, ló sún mọ́ Huaqiangbei jù. Abẹ́ ilẹ̀ ló wà, láàárín ìlú. Ẹ wọ Line 2 níbẹ̀, ibùdó kẹta ni Huaqiangbei. Láti Guangzhou Nan, ó máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, owó rẹ̀ sì fi díẹ̀ ju ti Shenzhen Bei lọ. Bí aago ọkọ̀ rẹ̀ bá bá yín mu, òun ni kí ẹ mú.

Shenzhen Bei, 深圳北, ni ọkọ̀ pọ̀ sí jù, tí tíkẹ́ẹ̀tì kì í sì í wọ́n. Ìjókòó kejì, tó jẹ́ ti gbogboògbò, wà ní nǹkan bí yuan 75. Láti ibẹ̀ ẹ máa wọ Line 4 dé Civic Center, kí ẹ tó bọ́ sí Line 2. Èyí á fi bí ìdajì wákàtí kún ìrìn yín.

Shenzhen lásán, 深圳, tí kò ní Bei tàbí Nan, wà ní Luohu, lẹ́bàá ẹnubodè Hong Kong. Ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ fi C bẹ̀rẹ̀ ló ń lọ síbẹ̀ láti Guangzhou Dong. Wọn kì í sáré tó èyí tó fi G bẹ̀rẹ̀. Ó ju wákàtí kan lọ. Kò burú fún ẹni tó ń gbé nítòsí Guangzhou Dong, ṣùgbọ́n fún ará Sanyuanli kò lérè.

Ọ̀rọ̀ Hong Kong yìí, ẹ fi sọ́kàn. Àwọn ọkọ̀ kan tó ń dúró ní Futian ń lọ sí Hong Kong West Kowloon. Bí oorun bá gbé yín kọjá Futian, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ẹ máa bá ara yín lọ́hùn-ún. Físà Ṣáínà kì í mú onípáàsípọ́ọ̀tù Nàìjíríà wọ Hong Kong, ẹni tó bá sì fi físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo jáde ti parí físà náà nìyẹn. Kò ní lè padà sí Guangzhou lọ kó ẹrù rẹ̀. Ẹ fi aago fóònù sí ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú àsìkò tí tíkẹ́ẹ̀tì ní ẹ máa dé Futian.

Bí ẹ ṣe máa rà á

Ẹ yan ibùdókọ̀ tí ẹ ti ń gbéra, èyí tí ẹ ń lọ, àti ọjọ́. Ọkọ̀ tó fi G bẹ̀rẹ̀ ló yára jù, D tẹ̀lé e. Ẹ fi orúkọ èrò sí i, ẹ mú ìjókòó kejì. Ìjókòó kìíní fẹ̀ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n fún ìdajì wákàtí, owó rẹ̀ sàn jù nínú àpò yín. A àti F ló wà lẹ́bàá fèrèsé, C àti D lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, B ló há sáàárín. E kò sí, ẹ má wá a kiri. Bí ẹ bá máa gbé ẹrù bọ̀, C tàbí D ni kí ẹ mú nígbà àbọ̀.

Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, aago kékeré kan á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú wálẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ẹ ní láti sanwó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìjókòó á bọ́. Ẹni tó bá fagi lé e lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan ò ní lè rà mọ́ títí ọjọ́ á fi yí. Nítorí náà, ẹ tọ́jú ọ̀nà owó yín kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì.

Alipay, áàpù ìsanwó Ṣáínà, ló rọrùn jù. Ẹ lè fi nọ́ńbà +234 ṣí i nílé, kí ẹ so Visa tàbí Mastercard mọ́ ọn. Bí owó tí ẹ ń san lẹ́ẹ̀kan ò bá tó yuan 200, wọn kì í gba nǹkan kan lé e; bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n ń gba ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ rí i pé tíkẹ́ẹ̀tì ẹnì kan ò dé yuan 200, ṣùgbọ́n ti èèyàn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà dé e. Ẹ rà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ti káàdì náírà, ẹ bi báńkì yín léèrè iye tó gbà kí ẹ ná lókè òkun lóṣù. Èyí tó wà lára àkáǹtì dọ́là dánilójú jù. Bí áàpù bá ń dàrú, Trip.com ń ta ìjókòó kan náà, ó sì ń gba káàdì òkèèrè, àmọ́ ó ń fi owó iṣẹ́ tirẹ̀ lé e. Ẹni tí kò fẹ́ ìdààmú kankan lè gba wíńdò lọ pẹ̀lú páàsípọ́ọ̀tù àti owó yuan lọ́wọ́; kó ti kọ orúkọ ibùdókọ̀, ọjọ́ àti nọ́ńbà ọkọ̀ sórí bébà kó tó dé iwájú ẹni tó ń tà á.

Ẹ ra àlọ àti àbọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù Huaqiangbei kì í ṣí dáadáa títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, wọ́n sì ń palẹ̀ mọ́ láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ aago mẹ́jọ àbọ̀ àárọ̀ àti ti aago méje àbọ̀ alẹ́ bá ètò yìí mu. Ẹ má fi ọkọ̀ tó kẹ́yìn ṣe àbọ̀. Ẹ ò sì lè ra méjì pamọ́ fún àbọ̀ kí ẹ wá mú èyí tó bá wù yín: bí àkókò ọkọ̀ méjèèjì bá wọnú ara wọn, ẹ̀rọ ò ní gbà á lórí páàsípọ́ọ̀tù kan.

Lọ́jọ́ náà

Páàsípọ́ọ̀tù gan-an ni kí ẹ mú dání. Fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù tàbí fọ́tókọ́pì ò ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń fi tirẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ òtẹ́ẹ̀lì tàbí alágbàtà, kó gbà á ní alẹ́ àná.

Ẹ dé ibùdókọ̀ ní wákàtí kan ṣáájú. Wọ́n á wo páàsípọ́ọ̀tù lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á fi báàgì kọjá nínú ẹ̀rọ, wọ́n á yẹ ara yín wò. Ní Guangzhou Nan, òkè ni èrò ti ń dúró de ọkọ̀, ìsàlẹ̀ ni àwọn tó ń dé ń gbà jáde. Bọ́ọ̀dù ńlá á kọ nọ́ńbà ọkọ̀ yín àti géètì, bíi A12 tàbí B7. Wọ́n ń ṣí géètì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú, wọ́n sì ń tì í ní ìṣẹ́jú mélòó kan kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹ fi márùn-ún ṣe òdiwọ̀n yín. Bí wọ́n bá ti tì í, ẹ̀bẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ẹ lè máa rí ọkọ̀ náà lórí irin, kò sẹ́ni tó máa ṣí i fún yín.

Géètì mìíràn á ka páàsípọ́ọ̀tù tí ẹ bá dojú ewé fọ́tò délẹ̀ lórí rẹ̀. Bí kò bá kà á, ẹ má bá a jà, ẹ bọ́ sí ọ̀nà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ níbi tí òṣìṣẹ́ dúró sí. Nọ́ńbà kóòṣì wà lórí ilẹ̀ níbi tí ọkọ̀ á dúró sí. Ẹ má kó páàsípọ́ọ̀tù sísàlẹ̀ báàgì. Ẹ máa tún fi í jáde ní Shenzhen.

Ẹrù àbọ̀

Kìlógíráàmù 20 ni àgbàlagbà kan lè gbé, ìbú, gígùn àti gíga ẹrù kan pọ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 130 lọ. Èyí tó ń dá oníṣòwò fóònù dúró ju ìwọ̀n lọ ni bátìrì. Power bank tàbí bátìrì lithium gbọ́dọ̀ ní ìkọ̀wé agbára rẹ̀ lára, kó má sì ju 100Wh lọ. Èyí jẹ́ nǹkan bí 27,000mAh fún èyí tó jẹ́ 3.7V. Bátìrì tí wọ́n rọ́ sínú ọ̀rá láìní ìkọ̀wé kankan, wọ́n á yọ ọ́ jù sílẹ̀ níwájú yín. Ẹ ní kí ẹni tó tà á fún yín fi ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ akẹ́rù yín ní Guangzhou. Ọ̀bẹ ìdáná ò wọlé rárá, kódà bó ṣe wà nínú páálí tuntun. Lọ́fínńdà, ìgò kan tí kò ju mílílítà 100 lọ ni; agolo oní-fífín, bíi ti irun, ọ̀kan tí kò ju mílílítà 150 lọ ni.

Bí ètò bá yí padà

Ẹ lè pààrọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì kan sí ọkọ̀ mìíràn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo; bó bá jẹ́ ọkọ̀ ọjọ́ kan náà ni, tí ẹ sì ṣe é kí ọkọ̀ tó gbéra, kò sí ìtanràn. Ẹ má lo ẹ̀ẹ̀kan yẹn títí ẹ ó fi parí ìdúnàádúrà lọ́jà. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ gba owó padà, tó bá ṣì ku ọjọ́ mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn ò ní yọ nǹkan kan. Tó bá ṣì ju wákàtí 48 lọ, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárín wákàtí 24 sí 48, ìdá 10. Tí kò bá pé wákàtí 24 mọ́, ìdá 20. Owó náà ń padà sí ibi tó ti wá, ó sì lè gba ọjọ́ mélòó kan kó tó hàn nínú àkáǹtì náírà.

Bí ọkọ̀ bá já yín sílẹ̀, owó ò ní padà, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì ò tíì kú. Tí ẹ ò bá tíì pààrọ̀ rẹ̀ rí, ẹ lè gbé e sórí ọkọ̀ mìíràn tó ń lọ lọ́jọ́ náà gan-an, nínú áàpù tàbí ní wíńdò. Bí ìjókòó bá ti tán, ẹ béèrè èyí tí kò ní ìjókòó, wuzuo ni wọ́n ń pè é. Iye kan náà ni pẹ̀lú ìjókòó kejì, ẹ ó sì dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn títí ẹ ó fi dé Guangzhou Nan.